Tíì Tí Ń Fọ Ẹ̀fin

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń mu nǹkan lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kalẹ̀ ná, kí ẹ̀rín má baà gbé e gba imú yín jáde. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan nìyí tí ó jẹ́ olórí ilé-iṣẹ́ ìlera, tí orúkọ oyè rẹ̀ gùn débi pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí i láàárọ̀ ní láti tètè bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ìlera, Ìmọ́tótó àti Ìfọ̀kànbalẹ̀ Ara Ọmọnìyàn ni wọ́n kọ sí ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, káfíńtà sì ní láti fi pákó kún ilẹ̀kùn náà kí ọ̀rọ̀ náà tó gbà. Ọ̀gá Àgbà la ó máa pè é níhìn-ín, kí ìwé má baà tán mọ́ wa lọ́wọ́.

Ọ̀gá Àgbà síngbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa wọ yàrá ṣáájú ikùn rẹ̀. Ó fẹ́ràn ara rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn ara rẹ̀, sìgá ló kàn. Kí ó tó kí ìyàwó rẹ̀ kú àárọ̀, sìgá á ti wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó sì tó sùn, ti ìkẹyìn á ti kú sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Pátákó tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá wà lára gbogbo ògiri ilé-iṣẹ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì fọwọ́ sí i. Abẹ́ pátákó yìí gan-an ló fẹ́ràn láti máa dúró sí bó bá ń ṣáná. Àwọn àlejò á wo pátákó, wọ́n á wo Ọ̀gá, wọ́n á wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí ó gbà pé pátákó ló jẹ̀bi.

Báyìí ni wọ́n pè é sí ìpàdé kan lókè òkun. Nídìí oúnjẹ, ẹnì kan tí ó jókòó tì í bu tíì aláwọ̀ ewé fún un. Ẹni náà sọ fún un pé àwọn kan gbà pé tíì yìí ń fọ inú ara, ṣùgbọ́n pé àwọn tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kò rí i pé ó ń gba amusìgá lọ́wọ́ jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́. Nígbà tí ìdajì kejì fi máa dé etí rẹ̀, ó ti ń to ọ̀rọ̀ tí yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ jọ nínú ọkàn.

Ọjọ́ tí ó dé ló pè wọ́n jọ sí gbọ̀ngàn. Ó gun orí pèpéle, ó wú ikọ́, gbogbo gbọ̀ngàn sì bá a wú ikọ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń bọlá fún un.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi ọ̀wọ́n," ni ó wí, "ẹ̀yin tí orí yín bá yín ṣe é tí ẹ fi bọ́ sábẹ́ irú mi! Kí ni ẹ̀fin sìgá? Ìdọ̀tí ni. Kí ni wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí? Omi ni. Kí wá ni tíì aláwọ̀ ewé? Omi tí ó gbọ́n ni! Ẹni tí ó bá mu sìgá, tí ó wá mu tíì, a ti fọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mu sìgá rí ńkọ́? Ta ló fọ̀ ọ́ rí? Ṣé aṣọ tí wọ́n fọ̀ kò mọ́ ju aṣọ tí kò tíì kan omi rí lọ?"

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni mo ń sọ. Àwọn tí wọ́n kàwé gboyè nípa ìlera ara ló jókòó síbẹ̀, ìwé ẹ̀rí wọn kún ògiri, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ wọn fi pọ́n. Akọ̀wé Àgbà, ẹni tí ó jẹ́ igbá-kejì Ọ̀gá tí ó sì mọ bí a ṣe ń sunkún nígbà tí ó bá yẹ, fi aṣọ ìnujú nu ojú, ó ní òun kò mọ̀ pé òun lè gbọ́ irú èyí kí òun tó kú. Obìnrin kan ṣoṣo ló nawọ́ sókè. Dókítà tí ń tọ́jú àrùn kíndìnrín àti àpò ìtọ̀ ni. Ó béèrè pé níbo ni wọ́n ti dán an wò. Ọ̀gá Àgbà yìn ín fún ìbéèrè rẹ̀, ó sì gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń kó àwọn àga tó dá lápá sí.

Bí wọ́n ṣe dá Wákàtí Tíì sílẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan iṣẹ́, gbogbo òṣìṣẹ́ á tò sí gbọ̀ngàn, ife lọ́wọ́. Kẹ́tùlù ńláńlá á máa hó gùdùgùdù lórí tábìlì, Ọ̀gá Àgbà á gbé ife tirẹ̀ sókè, wọ́n á sì jọ gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ sọ ife kalẹ̀ kò fẹ́ràn orílẹ̀-èdè. Wọ́n tilẹ̀ dá ipò tuntun sílẹ̀, ìyẹn Olùdarí Omi Gbígbóná, ipò yìí sì bọ́ sọ́wọ́ Àna.

Àna yìí, àbúrò ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ni. Bí gbogbo ilé-iṣẹ́ ṣe ń pè é nìyẹn, títí kan àwọn tí kò bá a tan. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, kò sì sí ohun tó burú lọ́wọ́ rẹ̀ ju pé kò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà ló fọwọ́ ara rẹ̀ mú un wá. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé òun fi àbúrò òun lé e lọ́wọ́, kí ó bá òun mójú tó o. Iṣẹ́ Olùdarí Omi Gbígbóná kò le. Yóò fi ìka kan ara kẹ́tùlù, yóò fa ìka náà yọ kíá, yóò sì kéde pé, "Ó ti hó, sà."

Wàyí o, ẹni tí ó bá mu tíì gbọ́dọ̀ tọ̀. Èyí nìkan ni Ọ̀gá Àgbà kò fi sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kí oòrùn tó mú, ìlà ẹnu tọ́ílẹ́ẹ̀tì á ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, á sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, á sì yọ sí ìta. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣèpàdé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń buwọ́ lu ìwé, tí wọ́n fẹsẹ̀ lọ́ra, tí wọ́n fún eyín pọ̀. Àwọn aráàlú tí wọ́n wá béèrè ìgbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ wọn yóò dé á tò sí ìlà náà láìmọ̀, wọ́n á ní sùúrù títí, wọ́n á sì bá ara wọn níwájú àwo ìtọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ẹjọ́ yìí sun Ọ̀gá Àgbà, ó ronú jinlẹ̀. Kò kọ́ tọ́ílẹ́ẹ̀tì kankan kún un. Ó gbé Ìgbìmọ̀ Ìfaradà dìde, iṣẹ́ wọn sì ni láti máa rọ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n mú un mọ́ra.

Akọ̀wé Àgbà ló wá ṣí ojú Ọ̀gá sí ọ̀ràn kan. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀fin ni tíì ń fọ̀, ẹni tí kò ní ẹ̀fin nínú kàn ń fi tíì ìjọba ṣòfò ni. Ọ̀gá Àgbà dì mọ́ ọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ilé-iṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá, kí tíì lè ríṣẹ́ ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ń mu ún. Akọ́ni-ní-ìmọ́tótó ń mu ún. Ẹ̀fin bo ojú fèrèsé débi pé ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á rò pé iná ń jó ilé náà, panápaná sì wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún wọn ní tíì, wọ́n padà lọ.

Àna kò mu sìgá rí láyé rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ ló ṣáná sí i fún un. Ó fà á, ó wú ikọ́ títí omi fi ń dà lójú rẹ̀ bí ẹni tó gé àlùbọ́sà, Ọ̀gá Àgbà sì ń gbá a lẹ́yìn, ó ń sọ pé àmì pé ó ń wọlé nìyẹn. Nígbà tí oṣù yẹn fi máa parí, Àna kì í wú ikọ́ mọ́. Ó ti ń fà á nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́.

Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà gbọ́ òórùn rẹ̀ lára àbúrò rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan. Kò pariwo. Ó dúró de ọkọ rẹ̀ ní pálọ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan péré fún un.

"Bàbá àwọn ọmọ, ọmọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo fà lé yín lọ́wọ́. Ẹ ò ṣáà bí i, kí ẹ wá máa fi dáná."

Ó dun Ọ̀gá Àgbà. Ó dùn ún gan-an, nítorí ó fẹ́ràn obìnrin yìí lọ́nà tirẹ̀, ó sì fẹ́ràn Àna pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá dun Ọ̀gá Àgbà, ọ̀rọ̀ gígùn ló fi ń wò ó. Ó ṣàlàyé omi tó gbọ́n fún ìyàwó rẹ̀ títí obìnrin náà fi sùn lọ lórí àga.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ohun tí ń bọ̀ dé. Ọ̀gá Àgbà wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ọ́fíìsì, èyí tí kò ní ìlà, tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán gbinrin. Ó tọ̀. Ó wolẹ̀. Omi inú àwo náà pupa.

Ó fi ìdérí bo àwo náà bí ẹni pé ó fẹ́ kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì jókòó lé e lórí. Kò sí ibì kan tí ń dùn ún. Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ níbí, ó fọwọ́ kàn án lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà. Ó ṣáná sí sìgá kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ó rántí Dókítà lẹ́yìn àwọn àga tó dá lápá, ó sì rántí pé bí òun bá lọ bá a, a jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ òun láti ọjọ́ yìí wá di asán nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Mínísítà ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé Mínísítà fẹ́ fà á gòkè.

Ó wá ronú. Ohun tó ń jáde, inú ló ti wá. Kí ló wà nínú? Ẹ̀fin. Níbo ni ẹ̀fin ti wá? Lára iná. Kí ni àwọ̀ iná? Pupa. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rántí pé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yìí gan-an, ẹni tí ẹ̀rù ń bà á sì máa ń ro ohun tó bá ṣáà ti lè mú un dìde lórí àga ìtọ̀. Nígbà tí ó fi máa fa síìpù ṣòkòtò rẹ̀ sókè, àlàyé náà ti gún régé, ó sì ti ní àkọlé.

Ó kéde rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ní Wákàtí Tíì. Ó ní òun ti dé Ìpele Pupa. Ó ní èyí ni ìpele tí ẹ̀fin ọjọ́ pípẹ́ á wá yọ́, tí tíì á sì máa tì í jáde. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ̀wẹ̀sì bí ìtọ̀ rẹ̀ bá ṣì mọ́, kí ó túbọ̀ múra sí i. Gbọ̀ngàn hó yèè. Akọ̀wé Àgbà bú sẹ́kún ayọ̀.

Ẹ lè fojú inú wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, kò sí ọ̀gá kan tó níláárí nínú ilé-iṣẹ́ náà tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣì mọ́. Wọ́n ń gbé e wá nínú ìgò kékeré, wọ́n ń fi han ara wọn bí ẹni ń fi fọ́tò ọmọ tuntun hàn. Èyí lọ ra àró tí àwọn oníkéèkì fi ń kun kéèkì. Tọ̀hún po tòmátì inú agolo mọ́ ọn. Ẹnì kan da íǹkì pupa sínú tirẹ̀, ó sì di ẹni àpèwò fún bó ṣe pọ́n tó. Wọ́n wá ń fi àwọ̀ ìtọ̀ to ìjókòó: ẹni tí tirẹ̀ bá pupa dáadáa á jókòó níwájú, ẹni tí tirẹ̀ bá rí bí omi ọsàn á wà láàárín, àwọn tí tiwọn mọ́ á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìtìjú. Àna ń lo àró oníkéèkì. Ó jókòó níwájú.

Nílé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà wọ balùwẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí ohun tí ó gbàgbé láti ṣàn dànù.

"Ẹ̀jẹ̀ nìyí," ni ó wí.

Ọ̀gá Àgbà ní ẹ̀fin ni. Ó ní kò dun òun níbì kankan, ẹ̀jẹ̀ a sì máa dunni.

"Bí kò bá dùn yín, kí ló dé tí ọwọ́ yín ń gbọ̀n?"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́. Ó fi sápò. Ìyàwó rẹ̀ ní òun ti lọ bá Dókítà, Dókítà sì ní kí ó wá lónìí, kí ó má jẹ̀ẹ́ kó dọ̀la, pé irú ẹ̀jẹ̀ tí kì í dunni yìí gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọ̀gá Àgbà béèrè bóyá òun, tí òun jẹ́ ọ̀gá Dókítà, ni ó ní kí òun lọ tú ṣòkòtò níwájú rẹ̀. Ó ní kí Mínísítà kọ́kọ́ wá, kí ó lọ ná. Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún láìfohùn.

Ọjọ́ tí Mínísítà máa dé pé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn ní gbọ̀ngàn, wọ́n to ìgò ìtọ̀ àwọn àgbààgbà ilé-iṣẹ́ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, oyè ẹni kọ̀ọ̀kan níwájú ìgò rẹ̀. Ti Ọ̀gá Àgbà wà láàárín, lórí àpótí kékeré kan, kí ó lè ga ju tiwọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́yìn, ó di báàgì rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mínísítà wọlé, ó gbọ́ òórùn, ó fi aṣọ ìnujú bo imú, ó sì yin ètò náà láti inú aṣọ ìnujú.

Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí kẹ́tùlù kan fi gbẹ. Ó pe ara rẹ̀ ní afárá tí àwọn amusìgá ayé yóò gbà kọjá sí ìlera. Mínísítà, tí ó ti ń rí àwòrán ara rẹ̀ nínú gbogbo ìwé ìròyìn, ní ohun tó kù kò ju kí dókítà gidi kan yẹ àwọn ìgò yìí wò kí ó sì jẹ́rìí sí i, kí òun lè kéde rẹ̀ fáráyé. Ó béèrè pé ta ni dókítà àpò ìtọ̀ níbí.

Kò kọ́kọ́ sí ẹni tó rántí. Lẹ́yìn náà, wọ́n lọ gbé àwọn àga kúrò lọ́nà, wọ́n sì pe Dókítà jáde.

Obìnrin náà wá tòun ti ìgò kékeré kan tí ó kún fún pépà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n ń tì bọ ìtọ̀ láti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dé ìgò Akọ̀wé Àgbà, ó ti pépà bọ̀ ọ́, ó wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní àró ni, òórùn rẹ̀ sì fẹ́ dà bí ti kéèkì. Ó kọjá sí ìkejì. Ó ní kóró tòmátì wà nísàlẹ̀ èyí. Ó ní íǹkì ni ti ẹnì kẹta, kí ẹni tó ni ín má ṣe jẹ́ kí ó kan aṣọ. Bí ó ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀gá tí wọ́n jókòó níwájú ń kéré sí i lórí àga wọn. Ó dé ti Àna, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àró ni èyí náà, ó sì kọjá.

Ó wá dé ti àárín. Ó ti pépà bọ̀ ọ́, ó sì dúró. Ó mú pépà mìíràn, ó tún tì í bọ̀ ọ́.

"Èyí nìkan," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ni kì í ṣe ayédèrú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀gá Àgbà dìde. Ó fọwọ́ sí àyà, ó tẹríba sọ́tùn-ún, ó tẹríba sósì. Ó ní òun mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ ló ń díbọ́n láyé yìí, ṣùgbọ́n pé ojúlówó ni òun, tinú tòde. Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí ó ti mọ́ ọwọ́ wọn lára, Mínísítà pẹ̀lú sì bá wọn pa á. Dókítà dúró títí àtẹ́wọ́ fi rọlẹ̀. Kò yọ̀ rárá.

"Ẹ̀jẹ̀ ni, sà," ni ó wí. "Tíì kò lè fọ ẹ̀fin kúrò lára. Ohun tó burú nínú sìgá ń gba ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín á sẹ́ ẹ, á wá jókòó sínú àpò ìtọ̀, á máa jẹ ẹ́ lára lọ́dọọdún. Bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí sìgá bá wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ tí kò dùn ún, jẹjẹrẹ la kọ́kọ́ ń wá. Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ jẹ́ ká máa lọ nísinsìnyí."

Ohun tó tẹ̀ lé e kò ṣeé fẹnu sọ tán. Gbogbo wọn ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú ń jẹ́wọ́. Ẹni tó ní íǹkì búra pé íǹkì ni, ó fa bírò náà yọ láti fi hàn. Ẹni tó ní tòmátì ní kí wọ́n bá òun wá agolo náà. Àwọn tí wọ́n ti ń fi Ìpele Pupa yangàn láti ọjọ́ yìí wá ń pariwo pé tiwọn mọ́, pé ó mọ́ bí omi òjò, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tọ̀ ọ́ níbẹ̀ kí wọ́n rí i. Mínísítà rọra ti ife tíì tirẹ̀ síwájú ẹni tó jókòó tì í. Akọ̀wé Àgbà ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń fura sí tíì yìí, kí ilẹ̀ sì tó ṣú lọ́jọ́ náà, òun ni wọ́n ní kí ó máa delé de Ọ̀gá Àgbà tuntun.

Ọ̀gá Àgbà tiwa dúró lórí pèpéle. Ó ń wá ojú kan tí yóò wo ojú rẹ̀, kò sí. Ìyàwó rẹ̀ ló gba àárín wọn kọjá, ó gun pèpéle, ó mú un lápá.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, bàbá àwọn ọmọ," ni ó wí, ọkùnrin náà sì tẹ̀ lé e.

Ní ọsibítù, wọ́n ti ẹ̀rọ tín-ín-rín kan bọ ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde láti wo inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ títí kẹ́tùlù fi ń gbẹ, ọ̀rọ̀ kan péré ló sọ lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì ni "Yéè." Jẹjẹrẹ ni lóòótọ́. Ó ti hù bí olú sára ògiri àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọnú ẹran ara lọ. Wọ́n ha á kúrò. Dókítà sọ fún un pé orí ló kó o yọ, pé yóò máa padà wá kí wọ́n máa wo ibẹ̀, àti pé bó bá tún fẹnu kan sìgá, a jẹ́ pé ó ń ránṣẹ́ pe jẹjẹrẹ náà padà nìyẹn. Ọ̀gá Àgbà sunkún níwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n ti gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n a kò ní orúkọ mìíràn tí a ó máa pè é.

Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ kò wá kí i. Àna nìkan ló wá, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tòun ti fúláásì tíì lábẹ́ apá. Òórùn sìgá ti wọ yàrá kí ó tó wọlé. Ó kí Ọ̀gá Àgbà, ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó jókòó lẹ́bàá ibùsùn, ó jókòó díẹ̀, ó sì ní òun fẹ́ lọ gba atẹ́gùn. Nígbà tí ó padà dé, òórùn náà tún le sí i.

Ọ̀gá Àgbà bi í bóyá ó ṣì ń mu ún. Àna ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí ó fọkàn balẹ̀, òun ń mu tíì lé e dáadáa. Ó ní aṣọ tí wọ́n fọ̀ ṣáà mọ́ ju èyí tí kò kan omi rí lọ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn ni, ó sì ń wo ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó dáhùn ìbéèrè tíṣà dáadáa.

Ìyàwó Ọ̀gá Àgbà yí ojú sí ọkọ rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Ọ̀gá Àgbà wú ikọ́ bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó yí ẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí ibùsùn, ó mú àpò ọ̀rá tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dà sí dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Rọ́bà àpò náà kò gùn tó. Ó há sí agbede méjì, kò lè dọ̀bálẹ̀ tán, kò lè dìde, Àna sì fò sókè pé kí ni Ẹ̀gbọ́n ń ṣe yìí, pé èèwọ̀ rèé.

"Irọ́ ni mo pa fún ọ," ni Ọ̀gá Àgbà wí láti ibẹ̀. "Mi ò mọ nǹkan kan nípa tíì. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mo sì ń sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, Àna, má mu ún mọ́. Bí mo bá kú, màá kú, ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kí n rí i tí ìwọ náà sùn sórí ibùsùn yìí."

Kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àna ràn án lọ́wọ́ padà sórí ibùsùn, ó tẹ́ àpò ọ̀rá náà dáadáa, ó sì fa páálí sìgá yọ lápò, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọ̀gá Àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ni ìka rẹ̀ ti ṣí páálí náà, tí ó ti fa ọ̀kan yọ, kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Ó fi sìgá náà lé e, ó fi páálí lé e. Ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀gá Àgbà wo fèrèsé, ó wo òkè àjà. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó fa ọ̀kan tó ti wà níbẹ̀ láti àná jáde, ó sì gbé e lé èyí tó wà níbẹ̀. Ọwọ́ náà ṣì wà nílẹ̀. Ó búra pé kò sí mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní òun gbà á gbọ́, àbúrò òun ni òun ń dúró dè. Àna wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà tí ó fi ìyókù pamọ́ sí.